Ìsọmọlórúkọ ò tó o, orúkọ yín dà nínú sátífíkéètì?

Bọ̀dá tó ní ìyá ọmọ òun dá lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní London, tí wọn ò kọ orúkọ bàbá síbẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń bèèrè bóyá ó ti bọ́ nìyẹn, kò tíì bọ́ o. Ó ṣe èmi náà. A sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, oyin wà ńbẹ̀, iyọ̀ wà ńbẹ̀, bàbá mi ń ṣàdúrà lórí WhatsApp láti Ìjẹ̀bú, mo ṣáà gbà pé gbogbo ayé ti mọ̀ pé èmi ni mo lọmọ. Ìjọba ò bá wa lá oyin. Ní England, tẹ́ ò bá tíì ṣègbéyàwó, ọkùnrin ò lè kàn dá lọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sábà máa jọ yọjú sí registry, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 42, náìtì ni mo ń ṣe nígbà yẹn, mo ní kí ìyá ọmọ máa lọ, ó sì lọ lóòótọ́. Ìlà ni wọ́n fà síbi tó yẹ kórúkọ mi wà.

Tínú ìyá ọmọ yín bá ṣì yọ́ sí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ tiẹ̀ lè rán màmá yín sí màmá ẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tẹ́ ẹ máa jọ fọwọ́ sí, wọ́n á tún ìwé ọmọ ṣe, orúkọ yín á wọlé, ẹ̀tọ́ òbí á sì tẹ̀ yín lọ́wọ́. Láti December 1, 2003 lòfin tó ń fún bàbá ní ẹ̀tọ́ òbí báyẹn ti wà.

Tó bá kọ̀, bí tèmi ṣe kọ̀, kọ́ọ̀tù ló kù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra àyẹ̀wò DNA, èyí tó ń fi hàn ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rà á, mo fi owú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lọ́jọ́ Sátidé kan, èsì jáde pé èmi ni, mo gbé e lọ bá lọ́yà tayọ̀tayọ̀, ó tì í padà sí mi lórí tábìlì, ó ní ta ló fún ọ láṣẹ, ìwọ tó ò tíì ní ẹ̀tọ́ òbí, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an lèyí. Ara mi tutù. Èyí tí kọ́ọ̀tù bá pa láṣẹ ni wọ́n ń gbà, láàbù tíjọba fọwọ́ sí ló ń ṣe é, wọ́n á wo pásípọ́ọ̀tù, wọ́n á ya fọ́tò yín kí wọ́n tó mú owú jáde. Tí adájọ́ bá ti kéde pé ẹ̀yin ni bàbá, registry á tún sátífíkéètì kọ.

Torí kọ́ọ̀tù, ẹ tọ́jú rìsíìtì owó tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, àti mẹ́sééjì tó ti pè yín ní dádì ọmọ. Èmi pa tèmi rẹ́ pátá lálẹ́ ọjọ́ kan tínú ń bí mi.