Ẹ lè gbé Debian 11 lọ sí 12 láìsí díìsìkì kankan

Ẹni tó ń béèrè bí òun ṣe máa gbé Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti 11 lọ sí 12, nígbà tí kọ̀ǹpútà òun ò ní ojú tí wọ́n ń ki díìsìkì sí: ẹ fọkàn balẹ̀. Apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gba ètò wọlé, ló ń ṣiṣẹ́ náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń fa gbogbo ohun tó bá fẹ́ lò. Tó bá jẹ́ pé 10 lẹ ṣì wà, ẹ kọ́kọ́ dé 11 o, ẹ má fò ó.

Ẹ kó fáìlì yín pa mọ́ síbòmíì. Ẹ fi df -h wo àyè tó kù, pàápàá ní /boot, torí kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Debian fúnra rẹ̀, ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí 11 gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀ tán, kí ẹ tó ṣí /etc/apt/sources.list, fáìlì tó ń sọ ibi tí apt ti ń fa nǹkan. Gbogbo ibi tí bullseye (orúkọ 11) bá wà, ẹ sọ ọ́ di bookworm (orúkọ 12). Ìlà tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì tí kì í ṣe ti Debian, ẹ fi # síwájú rẹ̀ kí apt má bàa kà á. Bí Wi-Fi yín bá ń lo firmware-iwlwifi (firmware ni ètò kékeré tó ń mú ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́), ẹ fi non-free-firmware kún àwọn ìlà Debian. Láti 12 ni wọ́n ti yọ àwọn firmware kúrò nínú non-free, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì fura.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí tmux, ètò tí iṣẹ́ inú rẹ̀ kì í dúró bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ojú mi rí nǹkan lórí èyí. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti wọ sáfà kan pẹ̀lú ssh, apt full-upgrade, àṣẹ tó ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí tuntun, ti dé ìdajì, ni íntánẹ́ẹ̀tì mi bá já. Nígbà tí mo padà wọlé, apt ò dá mi lóhùn mọ́, ó ní wọ́n dá dpkg, ètò tí apt fi ń to nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, dúró lẹ́nu iṣẹ́, àfi kí n tẹ dpkg --configure -a. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò lè mí dáadáa. Mo fi apt --fix-broken install tẹ̀ lé e, mo tún full-upgrade ṣe, ó sì parí. Ká ní inú tmux ni mo wà, tmux attach nìkan ni ǹ bá tẹ̀, ǹ bá sì bá iṣẹ́ níbi tó dé.

Nínú tmux yẹn, apt update ló ṣáájú, apt upgrade --without-new-pkgs tẹ̀ lé e, kí full-upgrade tó kàn. Ẹ má fo ti àárín yẹn; òun ni kì í jẹ́ kí apt yọ ohun tí ẹ ṣì ń lò dànù. Bó ṣe ń lọ, ó máa bi yín léèrè nípa fáìlì tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tún ṣe. Ẹ tẹ D kí ẹ wo ìyàtọ̀. Tó bá jẹ́ sshd_config, fáìlì ètò ssh, ẹ yàn pé kí tiyín dúró: bí ẹ bá gba tuntun, port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ssh) tí ẹ yí níbẹ̀ á padà sí 22, ilẹ̀kùn á sì lè tì mọ́ yín síta.

Tó bá parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ẹ wo /etc/debian_version. Bí ẹ bá rí 12 níbẹ̀, ẹ tẹ apt autoremove kí ó yọ ohun tí kò wúlò mọ́, àmọ́ ẹ ka orúkọ tó bá kó jáde dáadáa kí ẹ tó tẹ Y.