Ẹ Bi Olùkọ́ Òfin: Nọ́ọ̀sì tú àṣírí mi fún ọ̀gá mi

Ẹ kú iṣẹ́, ma. Mò ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ń sanwó oṣù fún mi. Lóṣù tó kọjá, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní mo ní kòkòrò HIV. Dókítà ní kí n má fòyà, mo sì ti ń lo oògùn. Àfi bí nọ́ọ̀sì kan tó máa ń gbé aṣọ wá fún wa rán ṣe lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní kí n kó ẹrù mi. Ṣé nǹkan wà tí mo lè ṣe, àbí kí n fi í sílẹ̀?
— Aránṣọ, Òṣogbo

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má fi í sílẹ̀ o. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀.

Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 là á mọ́lẹ̀ ní abala 26: àìsàn tó ń ṣe ọ́, ìtọ́jú tí wọ́n fún ọ, kódà pé o sùn lọ́dọ̀ wọn, àṣírí ni. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn àfi tí o bá fọwọ́ sí ìwé, tàbí tí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí tí dídákẹ́ wọn bá fẹ́ kó ewu ńlá bá ará ìlú. Ewu wo ló wà nínú kí o máa rán búbá? Ọ̀gá rẹ náà jẹ̀bi. Òfin mìíràn tí wọ́n tún ṣe ní 2014 kò gbà kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ nítorí HIV.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára. Òfin ilẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ra àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán, mo rí i pé ìwé ọsibítù ni wọ́n fi wé e. Epo ti rin ín, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: orúkọ ìyá kan, ọjọ́ orí rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀, oyún tó bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Mi ò mọ ìyá náà rí, mo sì ti mọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ lè má mọ̀. Mo sun ìwé náà nígbà tí mo délé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yà sídìí òfin àṣírí.

Lónìí, kọ ọjọ́ tí ọ̀gá lé ọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọsibítù náà, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí; bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ tí òfin détà ti 2023, èyí tó ń dáàbò bo ìròyìn nípa ẹni, gbé kalẹ̀ ní Àbújá. Bí owó agbẹjọ́rò bá le, wá ọ́fíìsì Legal Aid Council lọ. Má sì torí ìtìjú dá oògùn rẹ dúró.

Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa kò ní oògùn ibà, bẹ́ẹ̀ à ń gbọ́ pé owó ń wọlé fún un. Mo ní kí wọ́n fi ìwé ìnáwó hàn mí, wọ́n ní àṣírí àwọn aláìsàn ni.
— Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkìrun

Bàbá, òótọ́ kọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Orúkọ aláìsàn àti ohun tó ń ṣe é ni àṣírí. Iye páálí oògùn tí wọ́n rà àti iye tí wọ́n rà á, ti gbogbo wa ni. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí fáìlì aláìsàn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì, tí ìwé ìnáwó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa.

Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tó jẹ́ kí ará ìlú lè bèèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ni kí ẹ fi kọ lẹ́tà. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un tí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní òfin Àbújá kò kan Ọ̀ṣun, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Àjọ tó ń gbógun ti AIDS ní ìpínlẹ̀ Edo ni wọ́n pè lẹ́jọ́ nígbà náà.

Kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín gbangba pé ẹ ò bèèrè orúkọ aláìsàn kankan. Ìyẹn á gba àwáwí yẹn lẹ́nu wọn.