Tí ìyá èèrà bá kú, ta ló máa yé ẹyin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn èèrà pupa tó máa ń fi ewé kọ́lé ti gba igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi pátápátá. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní lísé ní ìyá kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin fún gbogbo wọn, ó ní òórùn ara ẹ̀ ni ò jẹ́ káwọn tó kù bímọ. Ṣé òótọ́ ni? Tí ìyá yẹn bá wá kú ńkọ́? (Ìyá kan, Kétu)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Nǹkan kan bí òróró fẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ara ìyá èèrà, òun ló ń gbé òórùn yẹn, fẹrọmónù làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Lọ́dún 2010 wọ́n mú ọ̀kan jáde lára èèrà dúdú kan ní Yúróòpù, wọ́n fi í síwájú àwọn òṣìṣẹ́, ìyẹn àwọn èèrà tó ń ṣiṣẹ́ ilé, tí ò ní ìyá lọ́dọ̀, ilé ẹyin inú wọn ò dàgbà bó ṣe yẹ kó dàgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìyá kankan ò sí níbẹ̀, òórùn lásán ni! Àwọn irú míì tiẹ̀ wà tí ẹyin ìyá fúnra ẹ̀ ń gbé òórùn yẹn, tí wọ́n bá kó o lọ sí ilé tó jìnnà, àwọn ará ibẹ̀ á ti mọ̀ pé ìyá wà láyé ó sì ń yé dáadáa. Lójú tèmi ìròyìn ni òórùn yẹn ju àṣẹ lọ.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti èèrà oníná kan ní Amẹ́ríkà, àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Fletcher àti Blum, ló kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1981. Àwọn ọmọbìnrin abìyẹ́ tí ò tíì mọ akọ máa ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn, ẹyin inú wọn ò ní gbó, ìyẹ́ wọn á wà lára digbí. Ẹ mú wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá yẹn báyìí, láàárín ọjọ́ mélòó kan họ́mónù, ìyẹn oje tó ń darí ara wọn, á yí padà, wọ́n á fẹsẹ̀ ti ìyẹ́ wọn títí á fi já bọ́, ẹyin á gbó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yé, àmọ́ torí pé wọn ò gba àtọ̀ akọ, akọ nìkan ni wọ́n á máa bí.

Ti èèrà pupa yín náà ò jìnnà síyẹn. Tí ìyá bá wà, àwọn òṣìṣẹ́ ń yé ẹyin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin tí ò lè di ọmọ ni, oúnjẹ ìyá ni wọ́n fi ń ṣe. Tó bá kú, wọ́n á wá yé èyí tó ń di akọ, kò sí òṣìṣẹ́ tuntun mọ́, ilé á tú díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì Hölldobler àti Wilson tiẹ̀ rí i lọ́dún 1983 pé tí òkú ìyá yẹn bá ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, òkú náà gan-an ṣì ń dá wọn dúró kí wọ́n má yé ẹyin tó ń di akọ.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun wọ́n o, àwọn ló ń lé eṣinṣin tó ń ba máńgòrò jẹ́, àwọn olóko wa lápá Párákú mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a, ẹ fi eérú ra ọwọ́ àtẹsẹ̀.