Ètò wo ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì ní iṣẹ́ ìwádìí pẹ̀lú àwọn ará orílẹ̀-èdè míì?

Wo Junior Researcher Programme, tí EFPSA, àjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì ní Yúróòpù, dá sílẹ̀ ní 2011. Ìgbà ooru ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú alábòójútó tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ gidi ni: wọ́n á jọ gbé ìbéèrè kalẹ̀, oníkálukú á kó dátà jọ nílùú tirẹ̀, wọ́n á sì jọ kọ àbájáde rẹ̀, fún nǹkan bí oṣù 13. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lo wà, Psychological Science Accelerator, ìyẹn àjọṣe àwọn yàrá ìwádìí sáíkọ́lọ́jì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ń gba àwọn olùwádìí láti ibi gbogbo láyé; olùkọ́ rẹ ni kó o kọ́kọ́ bá sọ ọ́.