Èsì: Ẹsẹ̀ òsì tó ń wá kílọ́ọ̀ṣì nínú mọ́tò ọtomátíìkì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nínú mọ́tò jíà ọlọ́wọ́ bọ́ sí ọtomátíìkì, mọ́tò ń ta yín síwájú gìrì. Ẹsẹ̀ òsì yín ló ń fà á. Kílọ́ọ̀ṣì, ìtẹ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń pa jíà dà tẹ́lẹ̀, ló ń wá; ọtomátíìkì kò ní in, búréèkì ló ń bá. Ẹ ká a sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ìdí ìjókòó, kó má sì kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kó máa ṣe tọ́rọ́tù tí ẹ fi ń sáré àti búréèkì. Èmi bọ́ bàtà òsì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko: bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti kan róbà búréèkì, mo ti mọ̀ pé ó ti ṣìnà. Ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lagere ní Ifẹ̀ tí ẹ ní mọ́tò ń dá rìn, kò bàjẹ́. Tó bá wà ní D (jíà ìrìnsíwájú), tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búréèkì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yọ́ lọ. Àmọ́ tó bá ń fò gìrì bí ẹ ṣe ń fi sí D lórí ìdúró, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo epo jíà.

Ẹ má fi sí N (tí ẹ́ńjìnnì kò di táyà mú) lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Iléṣà o. L tàbí 2 (àwọn jíà kékeré) ni, ẹ́ńjìnnì á bá yín dì í mú.