Ẹ Má Ya Ọ̀rọ̀ Olè Kúrò Lára "Who" àti "Whose"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwọn àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìwà ọ̀daràn àti awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe, ìyẹn èyí tó ń fi "who" tàbí "whose" sọ ẹni tí à ń tọ́ka sí, ló kàn wá báyìí. Wọ́n ń há ọ̀rọ̀ sórí dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ṣé kí n pín in sí iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Ẹ má pín in rárá. Ìgbà tí a bá fẹ́ tọ́ka ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ ni awẹ́ gbólóhùn yìí ń wúlò jù, iṣẹ́ ẹlẹ́rìí níwájú ọlọ́pàá sì nìyẹn.

Ẹ má da ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lé wọn lórí. "Thief", "robber", "burglar", "pickpocket", "shoplifter", "witness", "suspect" àti "victim" ti tó. Ẹ sọ ìtumọ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹni náà: "Someone who breaks into a building to steal". Kólékólé nìyẹn, "burglar". Kí wọ́n tó mọ̀ pé gírámà ni, "who" ti wọ̀ wọ́n létí. Ẹ dúró díẹ̀ lórí "steal" àti "rob". Ohun tí wọ́n gbé lọ ló ń tẹ̀lé "steal". Ẹni tàbí ibi tí wọ́n jà lólè ló ń tẹ̀lé "rob". Ẹni tó ní "They stole me" ń sọ pé òun gan-an ni wọ́n gbé lọ o.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya afurasí mẹ́rin sójú pátákó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ga bákan náà, kí aṣọ wọn sì jọra. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, báàgì èkejì ti ya, ọlọ́pàá ń lé ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá dé ọ̀kan ní fìlà pupa, "the man in the red cap" ni wọn yóò sọ, iṣẹ́ yín á sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìrísí wọn bá jọra, wọn yóò ní láti sọ "the man whose bag is torn" tàbí "the man who is talking on the phone" kí ẹni tó ń gbọ́ tó mọ èwo ni.

Àṣìṣe tí ẹ ó bá pàdé jù ni "the man who he stole the bag". Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu: "ọkùnrin tí ó jí báàgì" ni Yorùbá ń wí, "ó" náà sì wà níbẹ̀. Àlàyé ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó sàn. Ìwé àti sísọ́ọ̀sì ni mo gbà yín níyànjú láti lò. Ẹ kọ "The man ran away" sórí ìwé kan, kí ẹ kọ "He stole the bag" sórí òmíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gé "He" sọnù, kó lẹ "who" sójú rẹ̀, kó sì ki èyí tó kù bọ àárín gbólóhùn àkọ́kọ́: "The man who stole the bag ran away". Ọwọ́ rẹ̀ ló gé "He" kúrò, kò ní tètè gbàgbé.

Ní ti ìgbà tí a lè yọ "who" tàbí "that" kúrò, òfin kan tó: tí ọ̀rọ̀ ìṣe bá tẹ̀ lé e tààrà, ẹ má yọ ọ́, tí olùwà mìíràn bá tẹ̀ lé e, a lè yọ ọ́, bíi "the man the police are chasing". Awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe tó ń gba àmì kọ́mà, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ má sì bi wọ́n pé ta ni olè ti jà rí. Ó ṣeé ṣe kí ọgbẹ́ ẹnì kan ṣì tutù. Ẹ hun ẹjọ́ kan fúnra yín, kí ẹnì kan ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹni méjì ṣe ọlọ́pàá tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa bi í pé: "Is he the one who...?"