Òdòdó tí Emma jù síná: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, Màmá. Kétu nílẹ̀ Benin ni mo wà, mo ń múra ìdánwò bac tí a fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀gá wa ní ká ṣàlàyé ohun tí ìdì òdòdó ìgbéyàwó dúró fún nínú Madame Bovary, ìwé ìtàn tí Flaubert, ọmọ Faransé, kọ, níbi tí Emma, obìnrin inú ìtàn náà, ti jù ú síná. Mo ra ìwé pélébé kan ní 500 sẹ́ẹ̀fà, wọ́n to ìtumọ̀ nǹkan sínú rẹ̀: òdòdó ni ìfẹ́, iná ni ìfẹ́ gbígbóná, labalábá dúdú ni ẹ̀mí òkú. Mo wá kọ ọ́ pé ìfẹ́ tí Emma ní sí ọkọ rẹ̀ ń jó bí iná, pé ẹ̀mí ìyàwó àkọ́kọ́ ló ń bá a jà. 6 nínú 20 ni mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àkójọ tó péye ránṣẹ́. Ẹ tún bá mi sọ ìtumọ̀ àwọ̀ aṣọ Emma.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìmúra ìdánwò. Kò sí àkójọ tó péye. Kì í ṣe pé mo fi í pamọ́ fún ọ, kò sí i rárá ni. Lọ́dún yìí nìkan, ìwọ lo ṣe ìkẹrin tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ, irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ń bí mi nínú gidigidi. Àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ẹ̀rù ìdánwò ń bà yín, owó oúnjẹ ọ̀sán yín ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ, jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná, torí ibi kan náà ló ti wọ́.

Ọmọ Kétu tún ni ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. O ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, ohun tí UNESCO kọ mọ́ ogún aráyé ní 2008. Lórí ère tí oníjó gbé rù, o ti rí ejò, o ti rí ẹyẹ, ọ̀bẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ, kódà alùpùpù. Ǹjẹ́ o rí ẹnì kan rí tó di ìwé mú lójú agbo, tó ń wá ìtumọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú rẹ̀? Orin là ń tẹ́tí sí. Ohun tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kọ lóru, ẹni tó ń bá wí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún náà, àwọn ni yóò jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọ̀bẹ yẹn ń yin oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tàbí ó ń kìlọ̀ fún aríjàgbá.

Àwọn oníwé pélébé á ní àwọn baba wa náà ní àkójọ tiwọn, pé kí ni àrokò, iṣẹ́ tí a ń fi nǹkan rán dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Bí ọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ẹẹ́fà ni, ọkàn rẹ̀ ń fà sí i. Bí obìnrin náà bá dá mẹ́jọ padà, ẹẹ́jọ ni, èrò wọn jọra. Ṣùgbọ́n so owó ẹyọ méjì pọ̀ kí wọ́n kọjú síra, ó di pé mo fẹ́ fojú kàn ọ́. Yí wọn padà kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Owó ẹyọ kan náà o! Kí wá ni ìtumọ̀ owó ẹyọ? Iye rẹ̀ ńkọ́, bí a ṣe so ó ńkọ́, ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ńkọ́? Ìró ọ̀rọ̀ ẹnu wa pàápàá wà nínú rẹ̀: ọmọ Faransé tó ń pe mẹ́fà ní six kò lè gbọ́ “fà” níbẹ̀ láéláé. Nítorí náà, àkójọ tí a bá fi èdè kan ṣe kò lè ṣí ìwé tí a fi èdè mìíràn kọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, torí ó ti fa omijé rí. Òòyà jẹ́ àrokò ìyapa lọ́dọ̀ àwọn àgbà, nítorí “yà” tó wà lára orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kan kọ̀wé sí mi pé ọkọ òun ra òòyà fún òun ní ọjà Ouando, ṣé ó fẹ́ lé òun ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ra òòyà fún aya rẹ̀ ń fẹ́ kó ya irun ni. Nǹkan kì í di àrokò àfi bí ẹni tó rán an bá fi rán iṣẹ́, tí ẹni tó gbà á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ yìí. Ìlú yàtọ̀ sí ìlú, ẹ bi àwọn àgbà yín kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ohunkóhun nínú ilé.

Ó yá, ṣí ìwé náà. Òótọ́ ni pé nílẹ̀ Faransé ayé ìgbà Flaubert, tó tẹ ìwé yìí jáde ní 1857, òdòdó ọsàn ni òdòdó ìyàwó, ó sì ní ìtumọ̀ kí òǹkọ̀wé tó fọwọ́ kàn án. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí òǹkọ̀wé wá fi í ṣe ni ọ̀gá yín ń béèrè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdì òdòdó yọ, kì í ṣe ti Emma. Ìyàwó tuntun ni Emma nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé Charles ọkọ rẹ̀ ní ìlú Tostes, ó sì rí i nínú ìgò kan lórí tábìlì ìkọ̀wé nínú yàrá: òdòdó ọsàn, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù funfun dì í. Ti ìyàwó àkọ́kọ́ Charles tó ti kú ni. Charles rí i pé ó ń wò ó, ó gbé e lọ sí àjà. Emma jókòó, ó ń ro tirẹ̀ tó wà nínú páálí, ó ń bi ara rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí ni wọn yóò fi í ṣe. Ibí lo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mú, ọmọ mi, nígbà tí o dárúkọ ìyàwó àkọ́kọ́. Ká ní o dúró ti ohun tó wà lójú ìwé, tí o kò lọ pe ẹ̀mí òkú tí ẹnikẹ́ni ò kọ síbẹ̀, ìwọ ì bá ti kọjá 10.

Ìgbà kejì, ìparí apá kìíní ni. Wọ́n fẹ́ kó kúrò ní Tostes. Emma ń tún inú dúrọ́ọ̀ ṣe, nǹkan gún un níka. Wáyà tí wọ́n fi di òdòdó ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Eruku ti sọ òdòdó náà di yẹ́lò, etí ríbọ́ọ̀nù ti ń tú. Ó jù ú síná, ó gbiná kíá ju koríko gbígbẹ lọ. Wo ohun tó ń jó níbẹ̀: èso orí rẹ̀, páálí ni, ewé òdòdó, bébà ni.

Dúró níbi bébà yẹn. Kì í ṣe òdòdó rárá! Emma ni ọmọbìnrin tó ń ka ìwé ìfẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, tó gbà pé bí ìwé ṣe sọ ìfẹ́ ni yóò ṣe bá òun nílé ọkọ. Ìfẹ́ orí bébà ló gbé délé Charles, kò sì bá a níbẹ̀. Bí iná yẹn bá jẹ́ ìfẹ́ gbígbóná, ṣé Emma á dúró máa wò ó títí tí yóò fi jó tán? Labalábá dúdú tí o pè ní òkú, bébà tó jóná ni Flaubert fi wé e, tó ń fò gba ojú èéfín jáde. Bí mo bá fẹ́ sọ nǹkan kan nípa wọn, màá ní àwọn nìkan ló rí ọ̀nà àbáyọ nílé náà. Èrò tèmi nìyẹn, o lè jiyàn rẹ̀.

Má sì pa ìwé dé níbi iná, bí gbogbo yín ṣe ń ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí apá náà parí: nígbà tí wọ́n kúrò ní Tostes ní oṣù kẹta, Emma ti lóyún. Ó sun àmì ìgbéyàwó, ìgbéyàwó ò jóná.

Èmi kọ́ ni n ó máàkì ìwé rẹ. Bí ọ̀gá yín bá ti kọ́ yín ní ìtumọ̀ mìíràn, tẹ̀ lé e, kí o sì fi ojú ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpa nǹkan kan láti ìgbà tó kọ́kọ́ yọ, tó mọ ọwọ́ tó wà, tó rí ohun tó yí padà lára rẹ̀, olùkọ́ wo ni yóò fún un ní 6?

Iṣẹ́ rẹ rèé. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi ijó àwọn ọlọ́lá, Charles he àpò sìgá kan lójú ọ̀nà, wọ́n fi sílíkì aláwọ̀ ewé ṣe é létí. Wá ibi tí Emma gbé e pa mọ́, àti ohun tó ń fi í ṣe bí ọkọ rẹ̀ bá ti jáde; ìbẹ̀rẹ̀ orí kẹsàn-án nínú apá kìíní ni. Kọ ojú ìwé kan lórí rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Àìkú. Màá kà á tọkàntọkàn. Ìwé pélébé yẹn, má mú un sún mọ́ tábìlì tí o ti ń kọ ọ́.